Ẹ̀rọ Tí Kò Jí Nílé Àna

Ọkùnrin kan wà tí ó gbé ohùn òkú rin ìrìn-àjò. Kò fi oògùn ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Inú kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ohùn náà wà, irú èyí tí kò ní ojú tí a ń wò tàbí bọ́tìnì tí a ń tẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju pátákó pẹlẹbẹ kan lọ, tí àtẹ́lẹwọ́ sì gbà. Ọkùnrin náà fi aṣọ àtijọ́ Fìyìn, ọmọ rẹ̀, wé e, ó tì í sí àárín ẹrù, ó sì gba ọ̀nà ilé àna rẹ̀ lọ.

Ohùn ìyá-ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ilé ọkùnrin yìí ni ìyá àgbà náà ti lo ìgbà ìkẹyìn ayé rẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ìyá àgbà a máa jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, a sì máa ki àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjò àti oòrùn ṣe, gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ó máa gbọ́, kí ó sì máa fi pamọ́. Nígbà tí ìyá àgbà kú, gbogbo ohun tí ó kù nínú ohùn rẹ̀ wà lórí káàdì kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń gbèrò láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Gbogbo wa ni a máa ń gbèrò bẹ́ẹ̀.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni àkọ́bí ìyá àgbà. Ẹsẹ̀ tí ń dùn ún kò jẹ́ kí ó lè dé ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí. Òkú ni wọ́n gbé wá bá a. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún pe oríkì rẹ̀ sí i létí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò mọ òpin, àwọn tí wọ́n sì ní àwọn mọ àárín ti pò ó mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tí ó gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Gbé e wá kí n gbọ́ ọ," ni ó wí, "kí etí mi yìí tó di tán. Ọ̀tún nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́."

"Mò ń bọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ṣájà rẹ̀ dání, nítorí pé ó ní irú iná tí ó ń jẹ."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá Fìyìn, ṣé wọ́n sọ fún ọ pé òkùnkùn là ń gbé níbí ni? Sólà wà lórí ilé mi. Ta ló ń di oúnjẹ lọ sílé àna?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó di oúnjẹ tirẹ̀ lọ sílé àna ti bú ìkòkò wọn. Ó fi ṣájà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ.

Ìlú náà wà lẹ́yìn àpáta ńlá méjì. Ìgbà ọyẹ́ ni. Kùrukùru ti bo ìdí àwọn àpáta náà débi pé ó dà bí ẹni pé wọ́n léfòó lójú ọ̀run, tí ìlú náà sì wà lábẹ́ wọn bí àlá tí ẹnì kan ń lá lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gba àárín wọn kọjá. Eruku rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́ ìró ìrìn ara rẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ lóòrèkóòrè, bí ẹni tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí ó dìde. Àbúrò ìyá náà, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ti múra sílẹ̀ dè é. Inú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bátìrì sólà wà, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ kì í wọ yàrá ìyá ìyàwó. Nítorí náà ni àbúrò ìyá náà ṣe fa wáyà láti ẹnu bátìrì náà, ó gbà á lórí àjà, ó gbà á lára ògiri, títí ó fi dé pálọ̀, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní tuntun sí fún àlejò. Wáyà náà gùn, ó sì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ.

"Ẹnjiníà, ẹ wò ó!" ni ó wí. "Láti àárọ̀ àná títí oòrùn fi wọ̀ ni mo fi fà á. Mo jábọ́ lórí àkàbà nítorí yín. Kò sí àna tí a ti ṣe irú èyí fún rí ní agbolé yìí."

Ọkùnrin náà wo wáyà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: iná tí ó bá gba inú wáyà tín-ín-rín lọ sí ọ̀nà jíjìn a máa dín kù lójú ọ̀nà, bí omi tí a fi garawa jíjò gbé. Mítà tí a fi ń wọn agbára iná wà nínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fa mítà yọ sí wáyà àna? Ó dà bí kí ènìyàn gbóòórùn ọbẹ̀ wọn kí ó tó tọ́ ọ wò.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni ó wí. "Ó ti pọ̀ jù."

Láti orí ọ̀rọ̀ yẹn ni nǹkan ti wọ́.

Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ wáyà. Iná pupa kan tàn lára rẹ̀, èyí tí ń sọ pé oúnjẹ ti dé. Iná kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé ni, tí ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka ohun tí ó wà lórí káàdì. Èyí kò ṣẹ́jú. Wọ́n dúró. Ìyá náà ti wé gèlè, ó ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ gbohùngbohùn tí ọkùnrin náà gbé kalẹ̀ kí ohùn lè gba ibẹ̀ jáde, ó sì dẹ etí ọ̀tún sí i. Kò sí ohùn kankan bí kò ṣe ti ọyẹ́ lórí páànù.

"Ṣé ó ń sùn ni?" ni ìyá náà béèrè.

"Yóò jí, Màmá."

Kò jí. Ọkùnrin náà tú u, ó tún un so. Ó yọ káàdì, ó fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, ó dá a padà. Ó yọ gbohùngbohùn kúrò, bóyá òun ni ó ń bá ẹ̀rọ náà pín oúnjẹ jẹ. Ó fi ìka kan ara rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ó gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wá ohun tí ó lè ti já ní ojú ọ̀nà. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó yẹ̀ wò. Ohun tí ó jẹ́ ti àna nìkan ni kò yẹ̀ wò. Bí ojú rẹ̀ bá dé orí wáyà náà, a sáré kúrò níbẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé o," ni ó ń wí. "Lánàá òde yìí, ó ṣiṣẹ́."

"Nílé, gbogbo wa la gbóyà," ni àbúrò ìyá náà dá a lóhùn. "Ajá mi náà, nílé ló ti ń gbó. Tí a bá dé oko, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń sá sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, àbúrò ìyá náà yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Ẹ mú káàdì yẹn wá ká fi sínú èyí. Ṣebí káàdì ni káàdì ń jẹ́."

Wọ́n fi í sí i. Fóònù náà rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú pé káàdì yìí ti bàjẹ́. Ṣé kí òun nù ún, kí òun sì tún un ṣe? Kì í ṣe òótọ́. Káàdì náà kò bàjẹ́. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kékeré náà fi ń to nǹkan sórí rẹ̀ ni fóònù kò mọ̀. Ṣùgbọ́n báyìí ni ayé rí: ẹni tí kò gbọ́ èdè wa kì í sábà sọ pé òun kò gbọ́. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé a kò ní làákàyè.

"Ó ní ó ti bàjẹ́," ni àbúrò ìyá náà wí. "Ó ní òun yóò tún un ṣe. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bàbá, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò parẹ́."

"Ohun tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kí ló wà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà pẹ̀lú ti ń rò ó. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò jí: wọ́n á nu káàdì, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á sì jí bí ọmọ tuntun tí kò rántí ohunkóhun. Bí káàdì bá ti bàjẹ́ ní tòótọ́, ni ó ń sọ fún ara rẹ̀, a jẹ́ pé ohùn náà ti lọ ná. Ó kéré tán, ẹ̀rọ yóò jí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ọkọ ọmọ gbé pátákó òkú wá kí àna. Ìka rẹ̀ dúró lókè ibi tí a ó tẹ̀. Fóònù náà ń dúró dè é pẹ̀lú sùúrù, bí gbogbo ohun tí kò ní nǹkan tí ó lè pàdánù.

Ìyá náà ń wo ìka yẹn. Kò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Fìyìn," ni ó wí, "ó ti rẹ̀ ọ́. Jẹun, kí o fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ti kú kì í kánjú."

Ọkùnrin náà yọ káàdì náà kúrò nínú fóònù, ó dá a padà sínú ẹ̀rọ. Wọ́n gbé iyán wá. Iyán náà pọ̀, ó funfun, ebi sì ń pa ọkùnrin náà gidigidi. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ kì í jẹun yó lójú ìyá ìyàwó. Ó jẹ òkèlè díẹ̀, ó fọ ọwọ́. "Mo ti yó, Màmá. Ẹ ṣeun." Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Ọ̀sán náà funfun. Ọyẹ́ ti sọ oòrùn di ohun tí a lè tẹjú mọ́, bí àwo tánganran tí ó rì sínú wàrà. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò páànù wọlé, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lára ògiri, eruku sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sùn, kò sì lajú. Ó rí i tí pálọ̀ náà ń gùn sí i, ó gùn títí ó fi di ọ̀nà kan láàárín àpáta méjì, ní òpin ọ̀nà náà sì ni fèrèsé ilé òun fúnra rẹ̀ wà. Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀bá rẹ̀. Àwo kan wà níwájú rẹ̀, ìdérí wà lórí àwo, ìyá àgbà sì ń wo ìdérí náà. Ọkùnrin náà fẹ́ kí i, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń rìn ni fèrèsé náà ń jìnnà. Ìyá àgbà la ẹnu. Ètè rẹ̀ mì, ó tún mì, bí ẹni tí ń wá ìbẹ̀rẹ̀ orin. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àlejò, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Mo ti yó, ọkọ mi. O ṣeun."

Ọkùnrin náà lajú.

Kí a má ṣe sọ pé òkú wá láti ọ̀run wá kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀. Àlá kì í sábà sọ ohun tí a kò mọ̀ fún wa. Ohun tí a mọ̀ tí a sì ń sá fún ni ó máa ń gbé wá bá wa. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé nígbà tí ìyá àgbà kọ́kọ́ dé ilé òun, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n á kí i, yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, yóò wo ògiri. Gbogbo ilé ti gbà pé ọjọ́ ogbó ti kó ọpọlọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ń wá oògùn ọpọlọ kiri. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣàkíyèsí pé bí àwo oúnjẹ ti ń lọ ni ó ń padà. Àgbàlagbà obìnrin kì í jẹun yó nílé ọkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó jẹ, ọ̀wọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n bi í. Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ wọ yàrá tọ̀ ọ́ lọ, ó ń tilẹ̀kùn, wọ́n sì ń jọ jẹ nínú àwo kan náà bí ìyá àti ọmọ. Kò pẹ́ rárá, bí ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ́wọ́, wọ́n gbọ́ ohùn lẹ́bàá fèrèsé.

Ọkùnrin náà dìde jókòó. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣíji bò ó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó sì rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà kò jẹ́ kí ó rí tẹ́lẹ̀: iná pupa náà kò dúró. Ó ń di bàìbàì, ó ń padà, ó ń di bàìbàì, bí ojú ẹni tí òòyì ń kọ́ tí ó sì ní kò sí nǹkan.

Ohun tí ó kù kò le nínú iṣẹ́ ọwọ́. Inú ìwà ni ó ti le. Ọkùnrin náà lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Oúnjẹ kò tó."

"Iyán yẹn?" ni àbúrò ìyá náà kígbe. "Ẹni tó fọwọ́ kí a tó gbé omi kalẹ̀ tán!"

"Kì í ṣe tèmi, bàbá. Ti ẹ̀rọ yìí ni. Wáyà náà gùn jù, ó sì tín-ín-rín jù. Iná ń kúrò lọ́dọ̀ bátìrì, ṣùgbọ́n kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti fura. Mi ò lè sọ ọ́ ni."

Ojú àbúrò ìyá náà yí padà, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyá náà ní kí wọ́n wá tún un sọ sí etí ọ̀tún òun. Wọ́n tún un sọ. Ó wo ọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ náà pẹ́.

"Nítorí pé ojú ń tì ọ́," ni ó wí, "o fẹ́ jẹ́ kí wọ́n pa ohùn ìyá mi rẹ́?"

Ọkùnrin náà tẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dìde. Gbé e wọlé."

"Inú yàrá yín, Màmá?"

"Ṣé yàrá mi yóò gbé ọ mì ni? Ìyá mi ló ń wọlé. Ìwọ kàn gbé e ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ palẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín mọ́, kí àna má rí ohun tí kò yẹ kó rí."

"Ẹnu rẹ ni kí o kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Wáyà rẹ ni ìyá mi ń bínú sí."

Ọkùnrin náà wọlé, ó ń wo ilẹ̀. Ó tú wáyà gígùn náà kúrò. Ó fa mítà yọ ní gbangba, ó wọn ẹnu bátìrì. Iná ibẹ̀ tó, ó sì ṣẹ́kù. Ó mú wáyà kúkúrú kan tí ó nípọn nínú àpò rẹ̀, ó fi so pátákó náà nìkan, kò fi ohunkóhun kún un. Iná pupa tàn, ó sì dúró gbọin. Wọ́n ń wò ó. Iná àwọ̀ ewé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú wàràwàrà, bí ẹni tí ó jí ní ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó ń wá ojú tí ó mọ̀. Ọkùnrin náà ní sùúrù títí ìyẹn fi rọlẹ̀, kí ó tó so gbohùngbohùn mọ́ ọn.

Àkùkọ kan ni ó kọ́kọ́ kọ, ní ọ̀nà jíjìn. Fèrèsé dún. Ẹnì kan wúkọ́.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn náà wí. "Àwẹ̀ró, ọmọ a-jí-pọnmi-kí-ìrì-tó-gbẹ. Ọmọ tí mo pọ̀n tó sùn, tí mo sọ̀ tó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró, àkọ́so igi tí kò jẹ́ kí ẹ̀ka kejì fòyà…"

Ìyá náà tú gèlè kúrò lórí kí aṣọ má bàa bo etí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ibi tí ẹsẹ̀ náà gbà fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi," ni ó wí.

Oòrùn ti yẹ̀ àtàrí nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Níbi tí ohùn náà wà, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni.

Ìwọ tí o jókòó níwájú wa tí o gbọ́ ìtàn yìí, tí o wá fẹjọ́ ìyàwó ọmọ rẹ sùn wá: o ní nílé bàbá rẹ̀, orin ni, ẹ̀rín ni, ọgbọ́n sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti wọ ilé rẹ, kò fọhùn, kò rántí ohun tí a rán an, a bá a sọ̀rọ̀ yóò wo ògiri. O ti pinnu pé orí rẹ̀ ni kò pé. O fẹ́ nu gbogbo ohun tí ilé wọn kọ́ ọ, kí o tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí o dá a padà.

A kò sọ fún ọ pé gbogbo ẹni tí kò jí, ebi ni ó ń pa á. Káàdì a máa bàjẹ́ nígbà mìíràn, orí ènìyàn náà a sì máa dàrú. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ì tíì wá a dé ibẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ náà nìkan ni o yẹ̀ wò: ìwà rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìdílé rẹ̀. Ohun tí ó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ wá bá a, o kò wọ̀n ọ́n rí, nítorí pé o mọ iye wàhálà tí o ṣe kí o tó fà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o sì rò pé wàhálà rẹ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó ń kí ọ pé ẹ ṣeun, ó ní ó ti tó. O sì gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́.

Kí o tó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá mú ọmọ rẹ̀, lọ jókòó tì í lónìí, kí o sì bi í pé kí ni kò tó. Bí ó bá dá ọ lóhùn pé kò sí, má ṣe dìde.